Bàbá Ìyàwó Kò Tíì Sọ̀ Kalẹ̀

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Alhaji Jibril rọra wa Kòrólà rẹ̀ wọ ọgbà mọ́sáláṣí kan ní Dópémù, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọbìnrin rẹ̀. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni wọ́n fi yìgì sí. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún agbádá rẹ̀ ṣe, kó wọlé lọ jókòó níwájú Lèmọ́mù. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn síárìn, ó na ìka kan sí rédíò ọkọ̀, bí ẹni tó fẹ́ pa ẹ̀fọn tí kò sì fẹ́ kí ẹ̀fọn náà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ: Súrátùl-Bàkárà, súrà tó gùn jù lọ nínú Kùránì, ń lọ lọ́wọ́ nínú sídíì, kò sì tíì parí.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó yẹ kí á mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, Ẹ̀gàn ló ń gbé, àga tìmùtìmù ló ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ni àdúgbò ti fi í jẹ Alhaji, òun náà kò sì bá wọn jà lé e lórí. Ilé kéwú Alfa Ṣàfíù ló lọ ní kékeré, òfin méjì sì ni Alfa Ṣàfíù fi ẹgba kọ́ wọn níbẹ̀. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ké Kùránì. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá ẹsẹ Kùránì dúró láàárín. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àfi kí wọ́n parí rẹ̀. "A kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Ọlọ́run lẹ́nu," ni Alfa máa ń wí, ẹgba á sì tẹ̀lé e. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún tí Alfa Ṣàfíù ti kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Alhaji Jibril kò tíì gbàgbé.

Kòrólà yìí wá. Tòkunbọ̀ ni, kò sì tíì pé oṣù kan tó rà á. Ó mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó mọ táyà rẹ̀, ó ti tú àga ẹ̀yìn rẹ̀ palẹ̀ tó sì tún un rán torí pé aṣọ tí àwọn òyìnbó fi bò ó kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Rédíò rẹ̀ nìkan ni kò yé e. Bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógún ló wà lára nǹkan náà. Alhaji ti kà wọ́n. Ọ̀kan wà fún rédíò, ọ̀kan wà fún sídíì, méjì ní ọfà lára, tí ọ̀kan ń sá síwájú tí èkejì ń sá sẹ́yìn. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ṣe ni rédíò náà á yọ sídíì síta bí ọmọdé tó ń yọ ahọ́n síni.

Aasiyah ló mọ gbogbo wọn. Òun ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Alhaji bí tẹ̀lé ọkùnrin mẹ́rin, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Òun ló ń bá a tẹ fóònù, òun ló ń bá a ka ohun tí báńkì bá kọ ránṣẹ́, láti ìgbà tí wọ́n sì ti ra ọkọ̀, òun ló ń jókòó síwájú láti bá a tẹ rédíò. "Bàbá, ẹ wò ó dáadáa," a máa wí, "èyí ni pọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dúró. Tí ẹ bá tún un tẹ̀, á máa lọ látibi tó dúró sí." Alhaji á mi orí, kò sì ní wo ibẹ̀. Kí ló fẹ́ wò ó fún? Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ṣáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó ní kí gbogbo ará ilé wọ bọ́ọ̀sì kan ṣáájú, Sàúdátù ìyàwó rẹ̀, Aasiyah, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, títí kan Mùtíù, àbúrò Alhaji fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi Bàkárà ṣí ọ̀nà fún ìgbéyàwó ọmọ òun, ẹnu wọn sì ti pọ̀ jù fún Bàkárà. Aasiyah ló ki sídíì náà bọ rédíò, tó tàn án, tó wá gbá aṣọ rẹ̀ mú tó sáré lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti ra sídíì yìí. Ẹni tó dà á kọ kó odindi súrà náà sí ojú kan bí ẹyọ orin kan, kò sí ibi tí èèyàn lè dúró mí níbẹ̀.

Láti Ẹ̀gàn, gba Ìgándò, Ìkọ̀tún, Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Dópémù, ẹni tó mọ ọkọ̀ wà kò ní lò ju wákàtí kan lọ ní ọjọ́ Sátidé. Alhaji Jibril lo wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Gbogbo kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń yà á sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke omi pàápàá yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdímù, ó sì kí i bó ṣe ń kọjá. Alhaji gbé ọwọ́ sókè fún un, kò lanu.

Nígbà tó wọ ọgbà mọ́sáláṣí, ẹsẹ márùn-ún péré ló kù kí súrà parí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á dúró kí ẹsẹ tó ń lọ yìí parí, kí òun pa á, kí òun sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó wá tẹ́tí dáadáa ló mọ ẹsẹ tó ń lọ. Èyí tó gùn jù lọ nínú gbogbo Kùránì ni, èyí tó gba odindi ojú ìwé kan fún ara rẹ̀. Alhaji fẹ̀yìn ti àga, ó ń dúró.

Níkẹyìn, oníkéwú inú sídíì mí. Alhaji ta ìka. Ṣùgbọ́n ìka tó ti ń gbá ìṣó mọ́ àga láti ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ìka tó ń yan bọ́tìnnì tó tó hóró àgbàdo. Bọ́tìnnì ọfà ló tẹ̀, ọfà tó kọjú sẹ́yìn. Rédíò dákẹ́ díẹ̀, Alhaji sì ti ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn, kí oníkéwú tó kó ohùn tuntun jọ, tó ṣe Bísímílláhì, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti Alif Lám Mím. Igba ẹsẹ àti mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló tún wà níwájú báyìí.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí kò kàn yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pa. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà máa ń há, èèyàn á mì ín bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó tó yí, ìgbà tó bá sì fi máa yí, oníkéwú á ti wọ àárín ẹsẹ mìíràn. Ó kúkú tún bọ́tìnnì dán wò. Lọ́tẹ̀ yìí, rédíò ló bọ́ sí, ọkùnrin kan sì ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń ṣàlàyé láìfi nǹkan kan pamọ́ bí ìdí ṣe máa ń ṣe ẹni tí kò bá mu ún. Alhaji wo mọ́sáláṣí, ó wo rédíò, òógùn bò ó nínú ẹ́síì. Ó fi ìka mẹ́ta gbá gbogbo bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, Ọlọ́run sì ṣàánú rẹ̀, Bàkárà padà wá. Ó tọrọ àforíjìn nínú ọkàn rẹ̀.

Mùtíù ló kọ́kọ́ jáde wá. Ó kan gíláàsì. Gíláàsì náà wà lókè látàárọ̀ kí ariwo Dópémù má baà wọlé bo Kùránì, nítorí náà kò gbọ́ nǹkan kan láti inú ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè o," ó ní. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre."

Alhaji na àtẹ́lẹwọ́ sí i pé kó ní sùúrù. Ó fi ìka kan ètè. Ó na ìka náà sókè sí Ọlọ́run tó ni ọ̀rọ̀, ó wá fi yí òbìrí kan pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń lọ. Lójú Alhaji, kò sí ohun tó lè yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mùtíù kì í ṣe ẹni tí nǹkan máa ń dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀ kó má fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó padà sínú mọ́sáláṣí, ó sì bá àwọn ẹbí ọkọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú tó le. "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ dúró," ó ní. "Wọ́n ní ẹnu àwọn ò gba ohun tí ẹ ṣe. Wọ́n ní Ọlọ́run tó ń wò yín lókè rí i. Wọ́n ní ẹ lọ rò ó yíká."

Àyà Babárìndé, bàbá ọkọ, já. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Akọwọnjọ, ẹni tí gbogbo èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún torí ilẹ̀, kò sì mọ́ ọn lára kí ẹnì kan máa bínú sí i. "Kí la wá ṣe?" ó bi àwọn èèyàn rẹ̀. "Àbí ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ ìtọrọ ni? Mo rí yín lọ́jọ́ yẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ò kún. Gideon ń tẹ fóònù."

"Dádì, mi ò tẹ fóònù," ni Gideon dáhùn, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni. "Àwòrán ni mo ń yà."

"Bó o ṣe ń ya àwòrán nídìí ìdọ̀bálẹ̀ rèé. Ó yá, ẹ jáde, ká lọ tún un ṣe."

Bí Khalid, ọkọ ìyàwó, ṣe kó ọ̀rẹ́ márùn-ún sẹ́yìn nìyẹn, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun báláú, tí wọ́n tò síwájú Kòrólà, tí wọ́n sì na gbọọrọ sórí ilẹ̀ fún un. Alhaji Jibril rí wọn láti inú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ méjèèjì sókè, sódò, sókè, sódò, pé kí wọ́n dìde kúrò nílẹ̀ kí aṣọ wọn tó bàjẹ́. Láti ìta, nínú gíláàsì tó dúdú, ṣe ló dà bí ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n túbọ̀ lọ sílẹ̀. Wọ́n túbọ̀ lọ sílẹ̀.

"Àgbọ̀n," ni Gideon sọ fún Khalid, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ iyẹ̀pẹ̀. "Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí àgbọ̀n wa kanlẹ̀ ni."

Khalid gbé àgbọ̀n kanlẹ̀. Kò bínú, kò sì gbójú sókè.

Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ jáde dé ẹnu ọ̀nà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní yìgì mìíràn ní Ìyànà Ìpájà lágogo méjìlá," ó ní. "Ohun tó wà nínú ìwé ni pé ìdákẹ́ ìyàwó dúró fún ìfọwọ́sí rẹ̀. Ìdákẹ́ bàbá ìyàwó, mi ò tíì kà á níbì kankan."

Mùtíù wúkọ́. "Lèmọ́mù, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Ṣé ẹ ò jẹ́ kí n fi ìyàwó fún wọn?"

"Bàbá rẹ̀ wà láàyè, ó wà nínú ọkọ̀, mo sì rí i tó ń mí," ni Lèmọ́mù dáhùn. "Àfi bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e fún ọ. Bí aago mọ́kànlá bá lù tí kò tíì wọlé, ẹ jẹ́ ká sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn ẹbí méjèèjì lọ parí ìjà wọn." Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá nígbà tó sọ̀rọ̀ yìí.

Alhaji kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó rí i tó ń wo aago. Ó pa ojú dé. Ó ń gbìyànjú láti rántí ibi tí ìka Aasiyah máa ń lọ. Kò lọ sápá ọ̀tún rí. Apá òsì ni, lábẹ́ ẹnu tí sídíì ń gbà wọlé, níbi tí wọ́n fa ìlà kéékèèké méjì sí. Ó la ojú, ó wá ìlà méjì náà rí, ó fi ìka lé e, ó dúró. Oníkéwú parí ẹsẹ rẹ̀. Alhaji tẹ̀ ẹ́.

Inú ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹsẹ parí, kò gé nǹkan kan, Alfa Ṣàfíù pàápàá kò lè rí ibi tó máa na ẹgba sí. Kò wá ku ohun mìíràn ju kó ṣí ilẹ̀kùn.

Ó wo Khalid nílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní nǹkan kan lòdì sí ọmọ náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, níbi tí Lèmọ́mù ti máa bi í ní ìbéèrè kan tó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Lẹ́yìn náà ó na ìka, ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, oníkéwú sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Alhaji Jibril wo ìka yẹn bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ojú tì í. Láti kékeré ló ti ń bọ̀wọ̀ fún Kùránì, kò fi sá fún nǹkan kan rí títí di òní.

Òkè ni àwọn obìnrin jókòó sí, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ṣùgbọ́n fèrèsé wà níbẹ̀, Aasiyah sì ti ń wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ń lọ sókè-sódò, ó yé e. Òun ló ki sídíì yẹn bọnú rédíò. Ó dìde.

"Níbo lò ń lọ?" ni Sàúdátù ìyá rẹ̀ bi í. "Ta ló ń rí ìyàwó níta kí wọ́n tó so yìgì?"

"Màámi, bí n ò bá lọ, kò sí yìgì," ni Aasiyah wí, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn.

Ó kọjá láàárín àwọn ọkùnrin, ó yí àwọn tó dọ̀bálẹ̀ po, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó, ó pa á dé. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé itan, òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń gbọ́ Kùránì títí ẹsẹ náà fi parí, kó tó fi ìka kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnnì náà láìwò ó.

"Bàbá," ó ní, "pọ́ọ̀sì yìí ló dà yín láàmú, àbí?"

Ọ̀nà àbáyọ ló ṣí sílẹ̀ fún un yẹn. Ó lè mi orí, kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Alhaji kò mi orí.

"Mo rí i," ó ní. Ohùn rẹ̀ há, torí pé láti Ẹ̀gàn ni kò ti lò ó. "Mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Mo wá tún un tẹ̀."

Aasiyah yíjú sí i. "Kí ló dé?"

"Lèmọ́mù máa bi mí pé ṣé mo fi ẹ́ fún wọn. Láti àná ni mo ti ń dán an wò ní balùwẹ̀. Kò jáde."

"Ṣé Khalid ni ẹ ò fẹ́ ni?"

"Kí ló fi ṣe mí? Ọmọ dáadáa ni. Wò ó, kò tíì dìde." Àwọn méjèèjì wò ó. Kò tíì dìde lóòótọ́. "Ìwọ ni mi ò fẹ́ kó lọ, Aasiyah. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó o lọ. Mo máa ní kó o lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́."

Aasiyah fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, tìróò sì yí mọ́ aṣọ náà.

"Èmi náà ò fẹ́ fi yín sílẹ̀," ó ní. "Mo sì fẹ́ Khalid. Méjèèjì ló wà nínú mi, Bàbá, mi ò lè yọ ọ̀kan níbẹ̀."

"Tí mo bá fẹ́ gbọ́ nǹkan nínú ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ máa pè mí lórí fóònù, màá sọ ibi tí ẹ máa tẹ̀ fún yín."

"Ta ló máa bá mi tẹ fóònù?"

Ẹ̀rín pa wọ́n, ẹkún náà sì wà níbẹ̀. Aasiyah mú ìka bàbá rẹ̀, ó gbé e lé bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀ ẹ́: èyí fún sídíì, èyí fún rédíò, èyí fún ohùn, èyí ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé. Lọ́tẹ̀ yìí, Alhaji wò ó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Aasiyah padà sókè sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Alhaji tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó dúró níwájú àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà tó wà nílẹ̀.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ta ló ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀?"

Gbogbo wọn wo Mùtíù. Mùtíù ń wo òrùlé mọ́sáláṣí.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì ni Alhaji Jibril jókòó síwájú Lèmọ́mù, tí wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i. Lèmọ́mù kò fi àkókò ṣòfò. "Alhaji, ṣé ẹ fi ọmọ yín Aasiyah fún Khalid, ọmọ Babárìndé, kó fi ṣe aya, lórí sàdáàkì, owó orí tí gbogbo wa gbọ́ yìí?"

Kò sí ẹni tó ń ké Kùránì níbẹ̀, kò sí ohun tí Alhaji lè sọ pé òun ń gbọ́ lọ́wọ́.

"Mo fi í fún un," ó ní, ṣùgbọ́n kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sókè kí àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́," ni Lèmọ́mù wí.

Alhaji Jibril kò wo àwọn ẹlẹ́rìí. Ó yí ọrùn, ó kọjú sí òkè lẹ́yìn níbi tí aṣọ ìkélé wà, ó sì fi gbogbo ohùn tó ti tọ́jú látàárọ̀ sọ ọ́. "Mo fi í fún un."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Aasiyah dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, Sàúdátù ní kí wọ́n dákẹ́, torí pé kò tíì kan ìyàwó láti sọ nǹkan kan. Alhaji fi apá agbádá bo ojú, ó ń sunkún níwájú gbogbo èèyàn, kò sì wo ẹni tó ń wò ó. Mùtíù fẹ́ gbá a léjìká pé àkókò ń lọ. Lèmọ́mù di Mùtíù lọ́wọ́ mú, ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dúró de Alhaji.